Ìgbéyàwó Ẹlẹ́ẹ̀kejì àti Owó Ìrànwọ́ Ọmọ Yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń wò kí ó tó mọ iye tí yóò fi ran ọmọ lọ́wọ́ ní yunifásítì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ìyá tàbí bàbá bá tún ìgbéyàwó ṣe, ìṣirò owó ọmọ lè yí padà. Fọ́ọ̀mù FAFSA ni a fi ń tọrọ owó yìí. Olórí rẹ̀ ni ẹ̀bùn Pell tí a kì í san padà, èyí tí kò lè ju dọ́là 7,395 lọ fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan, nọ́ọ̀sì ní ìlú Houston, tí ó dá tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ láti kékeré, tí Ọlọ́run sì wá fi olówó orí tuntun jíǹkí rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2025. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ọdún 2026 sí 2027 ní oṣù Kọkànlá, owó tí ọkùnrin náà pa ní 2024, nígbà tí òun àti ìyá ọmọ kò tíì di tọkọtaya, yóò wọ inú ìṣirò. Nítorí ipò tí ìyá wà lọ́jọ́ tí ó fọwọ́ sí ìwé ni òfin ń tẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ ìwé owó-orí 2024 ni ó ń yẹ̀ wò. Ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ ṣí àkáǹtì tirẹ̀, kí ó sì gbà pé kí àwọn agbowó-orí fi ìwé òun hàn. Bí ó bá kọ̀, ọ̀nà ẹ̀bùn Pell ti dí mọ́ ọmọ náà. Àdéhùn tí wọ́n kọ ṣáájú ìgbéyàwó, pé owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kò kan ọkọ, kò tu irun kan lára òfin yìí. Ó le púpọ̀, lójú tèmi, nítorí ọ̀tọ̀ ni kí a ka owó ẹni, ọ̀tọ̀ ni kí ẹni náà yọ ọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Òfin náà kò ṣàì ní ibi tí ó ti rọ̀. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, bí àwọn òbí bá ti kọ ara wọn sílẹ̀, ẹni tí ó náwó jù lórí ọmọ láàárín oṣù méjìlá tí ó ṣáájú ìwé ni yóò kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ bàbá ni, ọkọ ìyá kò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ tí ọkọ tuntun kó wá, tí wọ́n ń gbé inú ilé náà, tí ìyá àti ọkọ rẹ̀ sì ń gbọ́ ju ìdajì bùkátà wọn lọ, ni a óò kà mọ́ ará ilé, èyí sì lè mú ìrànwọ́ pọ̀ sí i. Bí ikú bá mú ìyá lọ, ọkọ rẹ̀ kì í ṣe òbí lójú fọ́ọ̀mù náà mọ́, àfi bí ó bá ti gba ọmọ náà tọ́ lábẹ́ òfin.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ìgbéyàwó pamọ́ nítorí owó yìí o, nítorí irọ́ inú fọ́ọ̀mù náà lè di ìtanràn tí ó tó 20,000 dọ́là, tàbí ẹ̀wọ̀n, tàbí méjèèjì. Bí ìnira gidi bá wà, bí iṣẹ́ tí ó bọ́ lọ́wọ́ ọkọ lẹ́yìn 2024, ẹ kó ẹ̀rí rẹ̀ lọ bá ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ní yunifásítì náà. Àwọn ni òfin fún láṣẹ láti tún ìṣirò náà wò.