Ọgbà Ìkànkọ̀ Havana: Ta Ló Kan Ọkọ̀ Ogun Ọba?

Òbí Yorùbá tó bá gbé ọmọ lọ sí Havana, ní Kúbà, kì í sábà kúrò níbẹ̀ láì dé Regla. Ibẹ̀ ni ilé ìjọsìn Wúńdíá Regla wà létí omi, ẹni tí àwọn ọmọ Lùkùmí ń pè ní Yemayá, Yemọja tiwa. Àwọn ọmọ á rí aṣọ búlúù, wọ́n á ya fọ́tò, inú wọn á dùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n bojú wo òdìkejì èbúté. Lápá ibẹ̀, níbi tí ibùdókọ̀ ojú irin àgbà wà lónìí, ni Arsenal wà nígbà kan, ìyẹn ọgbà tí ọba Sípéènì ti ń kan ọkọ̀ ogun. Ìtàn ọgbà yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí orúkọ Yemọja dé etí omi yẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Havana? Ẹnu èbúté rẹ̀ tóóró, inú rẹ̀ sì fẹ̀. Ọkọ̀ púpọ̀ lè sá sí i nígbà tí ìjì bá ń jà, ìbọn àgbá díẹ̀ sì tó láti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tó ń kó fàdákà bọ̀ láti Mẹ́síkò àti ibòmíràn ti máa ń dúró de ara wọn, kí wọ́n tó jọ sọdá òkun lọ sí Sípéènì, torí àwọn ọlọ́ṣà ojú omi àti àwọn ọ̀tá ọba ń dọdẹ wọn. Títí dòní, kọ́kọ́rọ́ wúrà wà nínú àmì ìlú Havana. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni tó bá di Havana mú ló di ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà mú.

Ohun kejì ni igi. Igi óákù tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ní Yúróòpù tètè máa ń jẹrà nínú omi gbígbóná, kòkòrò inú òkun sì máa ń lu ú nílùkulù. Ṣùgbọ́n Kúbà ní kédárì, ó ní mahógánì tó jọ ọ̀gànwó ilé wa, ó tún ní àwọn igi líle míì tí ikún omi ò lè tètè jẹ. Láàárín 1730 sí 1740 ni wọ́n kó ọgbà ìkànkọ̀ náà lọ sí ẹ̀yìn odi ìlú, lápá gúúsù, kí ààyè lè gbà wọ́n. Wọ́n fa omi láti inú Zanja, kòtò omi tó wọ ìlú láti odò Almendares, kí ó lè máa yí ẹ̀rọ ìlagi. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, ọkọ̀ tó jáde níbẹ̀ lé ní 100.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Santísima Trinidad, tí wọ́n sọ̀ sómi lóṣù kẹta 1769. Ìbọn àgbá tó lé ní 110 ló kọ́kọ́ gbé. Nígbà tó yá, wọ́n fi àjà kẹrin kún un, ìbọn rẹ̀ sì sún mọ́ 140. Kò sí ọkọ̀ ogun tó tó o lágbàáyé nígbà náà. Ní ogun Trafalgar, lóṣù kẹwàá 1805, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, ó sì rì nígbà tí ìjì ń jà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ìwé ìtàn máa ń dárúkọ Mateo Mullan, ará Ireland tó ya àwòrán ọkọ̀ náà. Ó tọ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ ta ló gé igi nínú igbó? Ta ló la pákó, tó fẹ ẹwìrì nílé alágbẹ̀dẹ, tó ru ẹrù láàárọ̀ lálẹ́? Àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ olówó ọ̀yà náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní ẹrú ọba: ìjọba fúnra rẹ̀ ló rà wọ́n. Àwọn olówó ìlú náà a máa fi ẹrú tiwọn háyà síbẹ̀, owó iṣẹ́ á sì bọ́ sápò olówó ẹrú.

Ní 1762, Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Havana. Àwọn ará Sípéènì fi mẹ́ta nínú ọkọ̀ ogun tiwọn dí ẹnu èbúté, wọ́n rì wọ́n síbẹ̀. Ọ̀tá ò lè gba ojú omi wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tó kù nínú èbúté náà ò lè jáde mọ́. Orí ilẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé. Nígbà tí ìlú bọ́ lọ́wọ́ wọn lóṣù kẹjọ, gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyẹn di ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú jà fún ìlú náà, ẹrú àti òmìnira. Lára àwọn ẹrú tó jà ni wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ni wọn ò dá sílẹ̀.

Ní 1763, Gẹ̀ẹ́sì dá Havana padà, ó sì gba Florida dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n fi ṣàkóso ìlú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Áfíríkà ni àwọn oníṣòwò wọn kó wọlé. Sípéènì náà tún ra ẹrú sí i láti fi tún ọgbà ìkànkọ̀ ṣe, àti láti fi kọ́ odi La Cabaña, tó parí ní 1774. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí Ọba Carlos Kẹta gbọ́ iye owó tí odi náà jẹ, ó ní kí wọ́n gbé awò awọ̀nàjíjìn wá, nítorí odi tó wọ́n tó báyìí, ó yẹ kó lè rí i láti Sípéènì! Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kí ẹ wá sọ fún wọn pé owó nìkan kọ́ ni odi náà jẹ.

Ní 1789, ọba Sípéènì ṣílẹ̀kùn òwò ẹrú sílẹ̀ gbayawu fún Kúbà. Lẹ́yìn tí àwọn ẹrú Haiti dìde ní 1791, oko ìrèké Kúbà wá di ńlá. Nígbà tí Ọ̀yọ́ sì dàrú, tí ogun gba ilẹ̀ wa kan, èbúté tí wọ́n ti fi odi yí ká yìí ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa gbà wọlé. Àwọn ni Lùkùmí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹ má sọ fún wọn pé Yorùbá ló kan Santísima Trinidad. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Lùkùmí dé Kúbà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ọgbà náà ti rọlẹ̀, oríṣiríṣi ẹ̀yà Áfíríkà ló sì ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú wọn. Iyì tiwa ò nílò ká gba ti ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe so kọ́ra: ọkọ̀ ogun ń ṣọ́ ọrọ̀, ọrọ̀ ń wá òṣìṣẹ́, wọ́n sì fi tipátipá kó òṣìṣẹ́ náà wá láti ilé wa.

Ọdún 1912 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ojú irin náà sórí ilẹ̀ Arsenal. Kò sí pákó kankan tó ṣẹ́kù láti fi han ọmọ. Ìbéèrè kan ló ṣẹ́kù, ó sì ṣeé bi níbikíbi tí ẹ bá ń gbé, yálà létí èbúté Liverpool tàbí ti Salvador: "Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?" Ẹ kọ́ wọn láti máa bi í. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ, àmọ́ ọmọ tó bá ń béèrè ò ní gbàgbé.