Kẹ̀kẹ́ Lórí Ọ̀nà Oko: Ìlàlóye fún Ìsúndúnrin àti Agbègbè Èjìgbò

Kí alùpùpù tó gba ìgboro, kẹ̀kẹ́ ológeere ni ẹsẹ̀ àgbẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹlẹ́mu ń so akèrègbè mọ́ ọn, olùkọ́ ń gùn ún lọ sílé ẹ̀kọ́, àgbẹ̀ tí owó kòkó bá sì bọ́ sí lọ́wọ́ á ra Raleigh, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ṣe nígbà náà ní ìlú Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tóóró ni wọ́n ń gbà, láàárín yangí, gbòǹgbò igi àti odò kékeré. Ohun tí wọ́n fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ nígbà náà ti di eré ìdárayá káàkiri ayé lónìí.

Ìwé ìlàlóye yìí wà fún ọ̀dọ́, òbí, olùkọ́ àti àgbẹ̀ ní Ìsúndúnrin, Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ó sọ bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń ṣe fún ara, àti bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà oko ṣe lè padà wálé láìfarapa.

Bí kẹ̀kẹ́ ṣe di eré orí òkè

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, gbé ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè kan, wọ́n sì fi eré já wálẹ̀. Ọ̀nà náà dagun tó bẹ́ẹ̀ tí bíréèkì fi ń gbóná, tí gírísì inú rẹ̀ sì ń jóná di èéfín. Bí wọ́n bá ti délẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kó gírísì mìíràn sí i kí wọ́n tó tún gùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ eré-ìje náà ní Repack. Lọ́dún 1977, ọ̀kan nínú wọn, Joe Breeze, ṣe kẹ̀kẹ́ tó dìídì wà fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé ní Durango lọ́dún 1990, eré náà sì wọ Òlíńpíìkì ní Atlanta lọ́dún 1996.

Áfíríkà kò gbẹ́yìn. Adrien Niyonshuti, ọmọ Rwanda, gun kẹ̀kẹ́ orí òkè ní Òlíńpíìkì London lọ́dún 2012. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Kigali, olú ìlú Rwanda tó kún fún òkè, gba àlejò ìdíje àgbáyé fún kẹ̀kẹ́ ojú títì, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje náà wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ese Ukpeseraye náà gun kẹ̀kẹ́ fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024. Ibi tó tún sún mọ́ Èjìgbò wà: orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, níbi tí àìmọye ìdílé agbègbè yìí ní ẹbí sí, bá Burkina Faso pààlà, láti ọdún 1987 ni wọ́n sì ti ń ṣe eré-ìje kẹ̀kẹ́ Tour du Faso ní Burkina Faso.

Ohun tí kẹ̀kẹ́ ń ṣe fún ara

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìdárayá tó mú ara gbóná níwọ̀nba lọ́sẹ̀, kí ọmọdé tó ti pé ọdún márùn-ún sì máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 ṣe é lójúmọ́. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ ti dé 150. Ó ń mú ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lágbára, ó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti dènà ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Orúnkún kì í sì í ru ìwúwo ara lórí kẹ̀kẹ́ bó ṣe ń rù ú nígbà tí ènìyàn bá ń sáré, èyí sì dára fún àwọn tí oríkèé ń ro.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí ikọ́ fée, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ òun tàbí kí ó gùn ún kọjá agbára rẹ̀, nítorí àìtó omi lára àti àárẹ̀ lè ru ìrora àìsàn náà sókè.

Ọ̀nà tó ní àmì

Àmì ojú ọ̀nà kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àgbẹ̀ ń fi ààlè sí ẹ̀bá oko, ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ohun tó wà níbẹ̀ ní olówó. Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lójú títì á já ewé tútù sẹ́yìn ọkọ̀ náà kí ẹni tó ń bọ̀ lè tẹ bíréèkì. Iṣẹ́ kan náà ni àmì ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ń ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọ̀ ni wọ́n fi ń pín ọ̀nà: àwọ̀ ewé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, àwọ̀ aró fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, pupa fún ọ̀nà tó le, dúdú fún ti ògbóǹtarìgì.

Ìlú tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ kò nílò owó ńlá. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ kábíyèsí àti àwọn onílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀ ní gbogbo oríta, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, kí wọ́n sì ya ọfà tó tọ́ka sí ibi tí ọ̀nà kọjú sí. Níbi tí ọ̀gbàrá ti gé ilẹ̀, kí àmì ìkìlọ̀ wà ṣáájú ibẹ̀, kì í ṣe létí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, kí wọ́n tún ọ̀nà náà rìn, nítorí ọ̀gbàrá lè ti yí i padà.

Akoto àti kẹ̀kẹ́

Orí ni àkọ́kọ́. Akoto tó bá orí mu gbọ́dọ̀ bo iwájú orí, kí àlàfo ìka méjì péré wà láàárín rẹ̀ àti ìpéǹpéjú òkè. Okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní dídè lábẹ́ àgbọ̀n. Akoto tí a kò dè máa ń fò kúrò kí orí tó kanlẹ̀. Èyí tó bá ti gba ìkọlù líle lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n jù ú nù, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń dán, nítorí fóòmù inú rẹ̀ ti lè fọ́.

Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ kò burú, bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kí bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn mú, kí ṣéènì ní epo, kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ má mì. Táyà tó le jù ń ta lórí yangí; èyí tó rọ̀ jù ń jẹ́ kí rìmù kan òkúta, túùbù á sì bẹ́. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ wà ní kíkọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà fúnra rẹ̀.

Bí ọ̀nà bá ń sọ̀kalẹ̀, kí ẹni tó ń gùn ún fa ìdí sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba lórí pẹ́dàlì, kí ó sì máa tẹ bíréèkì méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá já tiwájú nìkan gbà lójijì lè gbókìtì kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Lásìkò òjò, yangí tútù máa ń yọ̀ bí ilá. Lásìkò ọyẹ́, iyanrìn gbígbẹ ló ń gbé táyà lọ. Ibi tí ewé ti bo ilẹ̀, kí ó rọra, kùkùté tàbí tàkúté ọdẹ lè wà lábẹ́ rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ló ni ọ̀nà

Obìnrin tó ru igi tàbí garawa omi kò lè tètè yà. Kí oníkẹ̀kẹ́ lu aago láti òkèèrè, kí ó dẹwọ́ eré, kí ó sì dúró tí ọ̀nà bá há. Kí ó má gba orí ebè kọjá. Ẹni tó bá kan àgbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kí ó kí i: “Ẹ kú iṣẹ́ o!” Àgbẹ̀ tó mọ ojú ọmọ ni yóò sọ fún un pé afárá ti já níwájú, òun náà ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó bá ṣubú. Kí ènìyàn má ṣe dá nìkan jáde, kí ó sọ ọ̀nà tó máa gbà fún ará ilé, kí ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ẹnì kan bá farapa

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, aṣọ mímọ́ ni kí wọ́n tẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ gírígírí. Ọgbẹ́ kékeré, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́. Kí wọ́n má fi eérú tàbí epo sí i. Nítorí erùpẹ̀ tó wọ ọgbẹ́ lè fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí ń mú kí ẹnu há pa, kí ẹni náà lọ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn. Bí eegun bá kán, kí wọ́n fi igi pẹlẹbẹ àti aṣọ dè é kó má mì, kí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ tò ó.

Ẹni tó bá fi orí gbálẹ̀, tó dákú, tó ń bì, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń dàrú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí rẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ ní ara òun ti yá.

Ẹni tí ejò bá bù jẹ, kí wọ́n má gé ojú rẹ̀, kí wọ́n má fi ẹnu fà á, kí wọ́n má sì fi okùn dì í pinpin. Kí wọ́n bọ́ òrùka tàbí ẹ̀gbà kúrò kí ibẹ̀ tó wú, kí ó má rìn, kí wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́jú kíá.

Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112. Ti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ni 122. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ méjèèjì àti nọ́ńbà tiyín sínú bébà kékeré, kí ẹ fi í sápò ọmọ yín kí ó tó gun kẹ̀kẹ́ jáde.