Yíǹkì Tó Bá Ń Ṣí, Orúkọ Ló Ń Bà Jẹ́

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ìka mẹ́ta lọ ní fífẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Pélébé páálí tí wọ́n ń fi sí àárín ìwé ni, kí ibi tí èèyàn kà dé má baà sọnù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní búkúmáàkì. Èmi á pè é ní àmì ìwé.

Mo ra ọ̀kan ní Ayọ̀bọ̀ níbí, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri. Ó ya òdòdó pupa àti ewé tútù sí i lára, ó wù mí, mo fi sínú Bíbélì màámi. Ní ọjọ́ Àìkú kan òjò pa wá bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí màámi ṣí Bíbélì, Sáàmù ti pọ́n fòò! Bíbélì tí bàbá mi fún un nígbà ìgbéyàwó wọn ni o. Màámi kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹni tó ṣe nǹkan yìí kò dán an wò kó tó tà á." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ẹ má sọ pé ta ni yóò ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé kún Ayọ̀bọ̀ àti Ìpàjà. Anchor University, tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ní 2016, Ayọ̀bọ̀ yìí náà ló wà. Oníṣọ́ọ̀ṣì ń ka Bíbélì, onímọ́sáláṣí ń ka Kùránì, ọmọ ilé ìwé ń ka tirẹ̀. Ẹni tó ń kàwé kò ní tán.

ÀWỌN ARÁ COVENTRY

Ní ìlú Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ híhun rìbọ́ọ̀nù sílíkì ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Nígbà tó di 1860, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá ti Faransé ṣe àdéhùn òwò, sílíkì Faransé bá ń ya wọlé láìsan owó ibodè. Ọjà àwọn ahunṣọ dàrú. Ebi wọlé. Ọ̀pọ̀ kó ẹrù wọn kúrò nílùú.

Ahunṣọ kan, Thomas Stevens, kò jókòó sunkún. Ó tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe kó lè hun àwòrán aláràbarà sára sílíkì tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó máa fi di 1862, ó ti ń ta àmì ìwé tó ní ìkíni ọjọ́ ìbí, ọ̀rọ̀ Bíbélì àti òdòdó lára. Títí dòní làwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ń wá a rà. Ẹ ò rí i? Ohun tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ nínú iṣẹ́ tó wó ló fi kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

ÀWỌN ALÁRÓ ABẸ́ÒKÚTA

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Láyé àtijọ́, ewé èlú àti omi eérú làwọn ìyá wa ń fi re aró. Nígbà tó yá, aró òyìnbó àti sódà dé. Iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n sódà tó bá pọ̀ jù a máa jẹ aṣọ. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Nínú àwọn ọdún 1930, Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fi òfin de sódà. Àwọn ìyá aláró kò gbà, wọ́n ní òfin náà fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Ọ̀rọ̀ di ńlá.

Èmi kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọjà tó bá ti bọ́ lójú oníbàárà, gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà ló ń jẹ nínú ìyà rẹ̀, àti ẹni tó ṣe dáadáa, àti ẹni tó fi màgòmágó ṣe é.

BÍ A ṢE LÈ ṢE É TÍ KÒ NÍ ṢÍ

Ẹ ra páálí funfun tó le díẹ̀. Bébà A4 kan á fún yín ní mẹ́jọ, bí ẹ bá gé e ní sẹ̀ntímítà 5 ní fífẹ̀ àti 14.8 ní gígùn. Rúlà àti bléèdì ni kẹ́ ẹ fi gé e. Àlùmọ́gàjí a máa gé wọ́gọwọ̀gọ.

Yíǹkì wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Báírò aláwọ̀ tí àwọn ọmọdé ń fi kùn nǹkan, omi ni wọ́n fi po púpọ̀ nínú rẹ̀, omi náà ló sì ń tú u. Tàdáwà tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ wàláà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó lè fọ̀ ni, kí wàláà lè tún gba ẹ̀kọ́ tuntun. Ó dára níbi tirẹ̀, kò dára lára àmì ìwé. Èyí tí ẹ fẹ́ ni yíǹkì tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ pé omi kì í ṣí i bó bá ti gbẹ.

Ẹ fi pẹ́ńsùlù ya àwòrán yín kọ́kọ́. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ni kó ṣíwájú, kí dúdú gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó tẹ̀ lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyeyè àti búlúù á pàdé, wọ́n á di ewé tútù lójijì! Tí ẹ bá ń wá àwòrán, àdìrẹ wà níbẹ̀. Ẹ wo Ìbàdàn Dùn, tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí láàárín. Òyìnbó kò ní irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lu ihò sórí rẹ̀, kẹ́ ẹ so òwú aláwọ̀ mọ́ ọn.

Ó ku ìdánwò màámi. Ẹ mú ọ̀kan nínú gbogbo èyí tí ẹ ṣe, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kó gbẹ dáadáa. Ẹ rẹ aṣọ funfun sínú omi, ẹ fún un, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. Bí aṣọ bá gba àwọ̀, ẹ má ta á. Ẹ jẹ́ kó dun yín nílé ju kó dun ẹlòmíràn nínú Bíbélì rẹ̀ lọ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá iye lé e, ẹ ka páálí, yíǹkì, òwú, owó ọkọ̀, àti àkókò yín pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbàgbé àkókò, tá a bá wá ṣírò tán, a ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣómólú lè tẹ ẹgbẹ̀rún lọ́jọ́ kan, ẹ má bá a sáré. Ẹ kọ orúkọ oníbàárà sí i lára pẹ̀lú ọwọ́ yín, ìyẹn ló ń mówó wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ lẹ́tà sí wa, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí. Bíbélì màámi ṣì wà, Sáàmù rẹ̀ ṣì pọ́n. Ó ń kà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá dé ojú ewé náà ló ń rántí ẹni tó ta ọjà yẹn, kì í sì í ṣe fún rere.