Kí Atẹ́gùn Má Ṣe Ṣí Tapólì Kúrò Lórí Kòkó Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, kòkó tí a ti sá títí omi inú rẹ̀ fi kù bíi 7 nínú 100, bí òjò bá pa á lójú ọ̀nà, kì í pẹ́ tó fi ń bu. Iṣẹ́ ọdún kan sì wọmi nìyẹn.

Atẹ́gùn kì í tẹ tapólì mọ́lẹ̀ o. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, ńṣe ló ń fà á sókè. Bí dírẹ́bà bá kúrò ní 40 kìlómítà ní wákàtí kan tó bọ́ sí 80, agbára atẹ́gùn náà di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí okùn tí kò ṣe nǹkan kan láàárín ìlú fi ń já ní márosẹ̀.

Iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ fa etí tapólì wálẹ̀ sáàárín orí ọkọ̀ àti ẹrù, kí ẹ so ó mọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí tapólì bá jẹ́ méjì, ti iwájú ni kó gun ti ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ọkọ̀ máa ń ṣe é sódì. Ẹ tún ta okùn kọjá lórí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, torí ihò etí rẹ̀ nìkan yóò ya.

Okùn ọ̀rá máa ń nà. Kí ẹni tí a rán tẹ̀lé ẹrù ní kí wọ́n dúró lẹ́yìn bí 20 ìṣẹ́jú, kí wọ́n tún un fà. Dírẹ́bà á ní òun ń kánjú. Ẹ má dá a lóhùn.