Bí tírígà fíláàṣì bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ má tíì sáré ra òmíràn

Bí onífọ́tò bá gba iṣẹ́ ìgbéyàwó, tí fíláàṣì rẹ̀ kò sì tàn lásìkò tí tọkọtaya ń gé kéèkì, kò sẹ́ni tó máa bá a tún kéèkì náà gé. Bí fọ́tò bá ṣókùnkùn, owó tó kù lọ́wọ́ oníbàárà á di ìjà, iṣẹ́ tí ìbá tẹ̀yìn òde náà wá á sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò fi ń sáré ra tírígà tuntun bí ti ọwọ́ wọn bá ti ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, tírígà náà kò bàjẹ́ rárá.

Tírígà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí fíláàṣì tí kò sí lórí kámẹ́rà tàn láìsí wáyà. Èyí tó ń ránṣẹ́ máa ń wà lórí kámẹ́rà, èyí tó ń gba iṣẹ́ náà máa ń wà nídìí fíláàṣì tàbí nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bíi ti Godox, ń lo rédíò 2.4 GHz.

Bọ́tìnnì TEST tó wà lára tírígà ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Bí fíláàṣì bá tàn, tó jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ń ya fọ́tò nìkan ni kì í tàn, ọ̀dọ̀ kámẹ́rà ni wàhálà wà. Bí kò bá tàn, àárín tírígà àti fíláàṣì ni kí ẹ wá a sí.

Bí kò bá gbọ́ TEST

Bátìrì ló ṣáájú. Pé iná kékeré ń tàn lára tírígà kò ní kí bátìrì má ti rẹ̀. Ẹ fi tuntun sí méjèèjì, ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ èyí tó ti pẹ́. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà ṣánẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ bára mu, bó bá sì ní ID, kí tiẹ̀ náà bára mu. Ẹ rí i pé lẹ́tà tí ẹ fún fíláàṣì, A, B tàbí C, kò sí ní pípa lórí tírígà. Bí fíláàṣì bá wà lórí S1 tàbí S2, ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì mìíràn ló ń retí, kì í ṣe rédíò.

Bó bá gbọ́ TEST, tí kò gbọ́ ti kámẹ́rà

Ẹ ti tírígà wọlé dáadáa lórí kámẹ́rà, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu àwọn irin abẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹ ti sọ kámẹ́rà di èyí tí kì í pariwo, nítorí ọ̀pọ̀ kì í jẹ́ kí fíláàṣì tàn bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ irú kámẹ́rà yín pẹ̀lú: Canon EOS 2000D tó jáde lọ́dún 2018 kò ní irin àárín tó ń pàṣẹ fún fíláàṣì. Tírígà olówó pọ́ọ́kú tó gbára lé irin yẹn kò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé kámẹ́rà yín dání lọ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù.

Bó bá ń tàn, tí fọ́tò kò dára

Bí apá kan fọ́tò bá dúdú bíi pé wọ́n fi nǹkan bò ó, ṣọ́tà ti yára jù. Ẹ dá a padà sí 1/200 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Bí fíláàṣì bá ń tàn lẹ́ẹ̀kan, tó ń fo ẹ̀ẹ̀kan, ó lè jẹ́ pé ẹ kò fún un láyè kó gba agbára padà. Ẹ dín agbára rẹ̀ kù. Bó bá sì ń tàn nígbà tí ẹ kò tẹ nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí onífọ́tò mìíràn lóde náà wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì yín. Ẹ pààrọ̀ tiyín.

Ilé ló yẹ kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí, kì í ṣe ojú agbo. Ẹ kó bátìrì mìíràn dání. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì kọ̀ lóde, ẹ yọ tírígà, kí ẹ ki fíláàṣì bọ orí kámẹ́rà fúnra rẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ àjà funfun, kí ẹ sì máa ya fọ́tò yín lọ.