Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Imú tó ti ṣẹ́ tipẹ́, ṣé ká ṣiṣẹ́ abẹ sí i?

Imú tó bá ṣẹ́ sábà máa ń ṣeé tò padà láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Tó bá ti jinná ní wíwọ́, iṣẹ́ abẹ ló kù, àmọ́ kì í ṣe dandan.

Ẹ kọ́kọ́ ronú sí ìwọ̀nyí:

👉🏾 Ṣé ẹ ń mí dáadáa? Bí ihò imú kan bá dí, ọ̀rọ̀ ìlera ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan.

👉🏾 Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ, àbí ẹnu ayé?

👉🏾 Ṣé àpá máa ń wú lára yín? Ẹ sọ fún dókítà.

👉🏾 Ṣé ẹ lè ní sùúrù? Wíwú imú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè tó ọdún 1 kó tó lọ tán.

Ẹ béèrè ewu àti iye owó lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ tó mọ̀ nípa imú. Ẹ ṣe é o, ẹ ò ṣe é o, iyì yín ò dín.