Labalábá Tí Ó Ń Ṣe Ìṣe Ẹyẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Èmi ọmọdé kò bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n labalábá kan ń bẹ ní Àríwá Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe ìṣe ẹyẹ. Monarch ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọba. Bí òtútù bá fẹ́ dé, yóò gbéra láti Kánádà àti Amẹ́ríkà, yóò fò tó kìlómítà 4,000 nígbà mìíràn, títí yóò fi dé igbó orí òkè ní àárín gbùngbùn Mẹ́síkò. Ọdún 1975 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibẹ̀. Àwọn ará abúlé ẹsẹ̀ òkè náà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Bí òtútù bá lọ, wọn yóò kọjú sí àríwá, wọn yóò yé ẹyin sójú ọ̀nà, wọn yóò sì kú. Ọmọ ni yóò gba ìrìn náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọmọ-ọmọ yóò sì gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Irú ewéko kan ṣoṣo ni ọmọ labalábá yìí sì ń jẹ kí ó tó hu ìyẹ́, ewéko olóje funfun tí ó jẹ́ ìbátan bomubomu tiwa. (Ìbátan Monarch kan wà ní Áfíríkà níhìn-ín tí ọmọ tirẹ̀ ń jẹ bomubomu.) Láti ọdún 1996 ni àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń gbin ẹ̀wà sóyà tí oògùn apakoríko kì í pa, lẹ́yìn náà àgbàdo. Wọ́n ń fọ́n oògùn sí gbogbo oko, ewéko yìí sì ń kú láàárín ebè.

A kò lè ka labalábá ní oókan, nítorí náà igbó tí wọ́n bò ní Mẹ́síkò ni wọ́n ń wọ̀n. Ní ìgbà òtútù ọdún 1996 sí 1997, hẹ́kítà 18.19 ni. Ní 2013 sí 2014, ó ku 0.67. Ní 2024 sí 2025, ó jẹ́ 1.79.

Òfin wá ńkọ́? Ẹyẹ tí ń ṣí kiri ní àdéhùn tirẹ̀: ní ọdún 1916, Amẹ́ríkà bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe é nítorí Kánádà, ní 1936, ó bá Mẹ́síkò ṣe é. Labalábá kò ní irú rẹ̀ láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àdéhùn Bonn ti ọdún 1979 ka Monarch mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ń ṣí kiri. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tí labalábá yìí ń gba orí ilẹ̀ wọn kọjá kò sí níbẹ̀. Kálukú ń ṣe tirẹ̀.

Ti Mẹ́síkò ni ó dùn mí jù. Ní ọdún 1986, ìjọba pàṣẹ pé kí a má ṣe gé igi mọ́ ní àárín igbó náà. Ilẹ̀ àjọni àwọn ará abúlé ni, igi ni wọ́n sì ń tà jẹun. Wọn kò rí ohun gidi kan gbà dípò rẹ̀, wọ́n sì ń gé igi lọ. Ní ọdún 2000 ni wọ́n fẹ ibi ààbò náà dé hẹ́kítà 56,259, tí wọ́n sì dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn onílẹ̀ tí ó bá fi igi sílẹ̀. Ó yẹ kí owó ti ṣáájú àṣẹ.

Kánádà kọ orúkọ labalábá náà sínú òfin ní ọdún 2003. Ní Amẹ́ríkà, a ní òfin ọdún 1973 tí ń dáàbò bo ẹ̀dá tí ó fẹ́ run. Ní 2014, àwọn ẹgbẹ́ kan kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi Monarch sí i. Ní 2020, ìjọba dáhùn pé ó yẹ, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń bẹ níwájú rẹ̀ lórí ìlà. Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n tó dábàá rẹ̀, wọ́n sì fi éékà 4,395 ní etíkun Califọ́níà kún un, níbi tí àwọn ti ìwọ̀-oòrùn ń lo ìgbà òtútù. Àbá náà fún àgbẹ̀ láyè púpọ̀. Àwọn kan ní òfin aláìléyín nìyẹn. Èmi kò gbà: àgbẹ̀ tí ó bá ń bẹ̀rù kóòtù yóò fa ewéko náà tu kí ẹnikẹ́ni tó rí i lóko rẹ̀. Pípẹ́ rẹ̀ ni mo bá wọn jà sí. Bí ìran mẹ́rin ni labalábá yìí ń bí láàárín ọdún kan. Láti ìgbà ìwé ẹ̀bẹ̀ títí di ìgbà àbá, ó ti tó ogójì ìran tí ó ti kú sójú ọ̀nà.